Pákó Mẹ́rin Lábẹ́ Ẹsẹ̀ Agatha

Ká tó dé orí ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ irú èèyàn tí Sylvanus Akínwọlé jẹ́ fún yín, nítorí ìwà rẹ̀ ló bí gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀. Káfíńtà ni ní Ọ̀wọ̀, ìsọ̀ rẹ̀ wà lójú ọ̀nà tó lọ sí Ìyẹrẹ, kò sì sí káfíńtà kankan nílùú tó fẹ́ràn àtimáa fá pákó tó o. Bí ẹ bá ní kó bá yín kan ilé adìẹ, yóò fi pléènì fá a títí tí yóò fi máa dán bíi tábìlì Bíṣọ́ọ̀bù. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí Sylvanus bá kan ilẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀, àlejò yóò kọ́kọ́ bọ́ bàtà kó tó wọlé. Òun a rẹ́rìn-ín, a ní kí ẹni tó bá fẹ́ kí igi gún òun lọ́wọ́ lọ bá káfíńtà mìíràn. Ìwà tó dáa ni, àbí? Àwọn àgbà ní àṣejù ni baba àṣetẹ́, ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ pé fífá pákó lè di àṣejù?

Theresa, ìyàwó rẹ̀, kú nígbà tí Agatha, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, wà ní ọmọ ọdún márùn-ún. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, oríkèé ìbàdí òsì ọmọ náà wú, ó gba ọyún, ibà sì dá a dùbúlẹ̀ fún oṣù mẹ́rin. Nígbà tó dìde, ìbàdí náà ti le gbagidi. Kò ká, kò nà. Bí ó ti ń dàgbà, ẹsẹ̀ ọ̀tún ń ga, ti òsì ń rẹ̀yìn, kò sí ohun tí wọn ò fi pa á lára, kò sí ibi tí wọn ò gbé e dé, títí dé Ute.

Sylvanus ló ń gbẹ́ àtẹ́lẹ̀ igi sábẹ́ bàtà òsì rẹ̀ lọ́dọọdún. Yóò ní kó dúró lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, yóò jìnnà díẹ̀ sí i, yóò dijú kan, yóò fi ojú kejì wo èjìká rẹ̀ bí ẹni ń wo férémù ilẹ̀kùn bóyá ó gún. Nígbà tí Agatha pé ọmọ ogún ọdún, àtẹ́lẹ̀ náà ti ga ní íńṣì méjì àbọ̀. Baba rẹ̀ ò nílò rúlà mọ́ láti gbẹ́ ẹ, ọwọ́ rẹ̀ mọ̀ ọ́n.

Ọmọ náà rẹwà, iṣẹ́ sì mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó ń ránṣọ, máṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ ló fi ń rán an, ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ tó dá ló fi ń wà á láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Àwọn ìyàwó ilé láti Ẹmùrè-Ilé ń gbé aṣọ wá fún un. Ohun kan ló ń pa á lẹ́kún. Ilẹ̀ símẹ́ńtì ni ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì wọn, bí ó bá sì dìde láti lọ gba ara Olúwa, àtẹ́lẹ̀ igi náà a máa dún láti àga ẹ̀yìn títí dé iwájú pẹpẹ, gbogbo orí a sì yí padà. Nítorí náà, ó di ẹni tó ń gbà á kẹ́yìn gbogbo ìjọ, nígbà tí orin bá ti gbóná. Lọ́jọ́ kan ó sọ fún baba rẹ̀ pé ohun kan ṣoṣo tí òun ń tọrọ láyé ni kí òun lè rìn lọ síwájú pẹpẹ kí ẹnikẹ́ni má mọ̀ pé òun kọjá. Ọ̀rọ̀ náà wọ Sylvanus lákínyẹmí ara.

Lọ́dún 1957, ìròyìn dé pé dókítà òyìnbó kan tó ń ṣiṣẹ́ abẹ egungun ń ti Ìbàdàn wá lẹ́ẹ̀mẹta lọ́dún sí ọsibítù kékeré tí àwọn ará ìlú ń pè ní Ọsibítù Orí-Òkè. Sylvanus gbé ọmọ rẹ̀ lọ. Ẹni tó ń ya fọ́tò egungun níbẹ̀, tó tún ń túmọ̀ èdè fún Dókítà, ni Jìbírílù, ọmọ télọ̀ mùsùlùmí kan láàárín ìlú. Ọ̀dọ́mọkùnrin oníwà pẹ̀lẹ́ ni, Ìbàdàn ló ti kọ́ iṣẹ́ ẹ́kísíréè, ó sì fẹ́ràn ẹ̀rọ rẹ̀ bí ọmọ.

Jìbírílù ya fọ́tò, ó gbé fíìmù náà síwájú iná. Sylvanus sún mọ́ ọn. Ní apá ọ̀tún, orí egungun itan jókòó sínú ihò rẹ̀ bí ọmọ odó nínú odó. Ní apá òsì, kò sí orí, kò sí ihò. Egungun ti yọ́ mọ́ egungun, wọ́n ti di ọ̀kan.

Dókítà sọ̀rọ̀ pẹ́. Jìbírílù túmọ̀ rẹ̀ pé oríkèé náà ti kú láti kékeré, kò sẹ́ni tó lè jí i. Ẹsẹ̀ tó kúrú ò ṣeé fà gùn. Ohun tí wọ́n lè ṣe ni pé kí wọ́n gé díẹ̀ kúrò nínú egungun itan ẹsẹ̀ tó gùn, kí wọ́n fi irin dè é, kí àwọn méjèèjì lè súnmọ́ra.

"Èyí tó dá?" ni Sylvanus wí. "Èyí tó dá ni yóò gé? Sọ fún un pé orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́."

Jìbírílù wo ilẹ̀. "Bàbá Agatha, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ìyẹn lédè wọn."

"Wá a sọ!"

"Bàbá," ni Agatha wí láti orí àga tó jókòó sí, "ẹsẹ̀ mi ni. Ó ti sú mi. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gé e."

Baba wo ọmọ, ọmọ ò gbójú kúrò. Sylvanus bá gbà. Dókítà wá ṣàlàyé ọ̀rọ̀ kan tó ní kí wọ́n fi sọ́kàn: ẹsẹ̀ tí ìbàdí rẹ̀ bá le gbọ́dọ̀ kúrú díẹ̀ ju èkejì lọ, kí ó bàa lè fò kọjá nígbà tí èèyàn bá ń rìn. Bí ó bá fi lè gùn ju èkejì lọ, bó ti wù kó kéré tó, ilẹ̀ ni yóò máa wọ́ títí ayé. Nítorí náà, ìwọ̀n ni gbogbo iṣẹ́ yìí. Ó fẹ́ mọ iye tí ẹsẹ̀ òsì fi kúrú gan-an, kì í ṣe lórí awọ ara tí téèpù lè yẹ̀ lé, bí kò ṣe lórí egungun fúnra rẹ̀.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe é ni èyí. Aláìsàn yóò dúró níwájú ẹ̀rọ, wọn yóò máa fi pákó sábẹ́ ẹsẹ̀ tó kúrú lọ́kọ̀ọ̀kan, wọn yóò sì máa ya fọ́tò. Nígbà tí egungun ìbàdí méjèèjì bá ṣe déédéé lójú fíìmù, wọn yóò ka iye pákó. Jìbírílù ti wá pákó mẹ́rin, ó ti fi rúlà wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan, íńṣì kan gẹ́lẹ́ ni ìnípọn wọn, ó sì ti fi yíǹkì kọ "1" sí ara ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n kàn gùn jù ni. Ó kó wọn lé Sylvanus lọ́wọ́.

"Ẹ bá mi gé wọn kúrú kí wọ́n gba ẹsẹ̀ kan. Ayùn lásán náà ti tó, Bàbá Agatha."

Sylvanus kó pákó délé. Ó gé wọn. Iṣẹ́ yẹn ò gbà tó ìdajì wákàtí, ì bá sì ti dúró níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó fi àtẹ́lẹwọ́ ra orí ọ̀kan, igi gún un. Àwọn agégẹdú ló fi ayùn ńlá là wọ́n nínú igbó, ojú wọn rí gbágungbàgun. Ó ronú pé ẹsẹ̀ ọmọ òun ni yóò wà lórí igi yìí láìwọ bàtà. Ó tún ronú pé gbogbo ọsibítù mọ̀ pé káfíńtà ni bàbá ọmọ náà, òyìnbó yóò sì wo pákó yìí. Kí n má purọ́ fún yín, èrò méjèèjì ló wà níbẹ̀, mi ò sì mọ èyí tó wúwo jù nínú wọn.

Ó mú pléènì. Ó fá ojú kan, ó yí i padà, ó fá ojú kejì. Ibi tí ayùn ti jẹ igi jinlẹ̀, nítorí náà ó tún un fá. Ó fi sáńpépà pa á. Nígbà tó parí, pákó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń dán, ẹ lè tẹ́ ọmọ tuntun sórí wọn, èérún sì kún ilẹ̀ dé kókósẹ̀ rẹ̀. Yíǹkì Jìbírílù ti bá èérún lọ.

Inú Jìbírílù dùn nígbà tó rí wọn. "Ẹ̀yin mà kúkú mọṣẹ́ o!" ló wí. Ó rí i pé àmì òun ti parẹ́, ó sì mú yíǹkì, ó tún kọ "1" sí ara ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò mú rúlà. Kí ni ìbá tún mú rúlà fún? Ṣebí òun fúnra rẹ̀ ló ti wọ̀n wọ́n. Ohun tí pléènì ń jẹ lára igi, káfíńtà ló mọ̀ ọ́n, òun kì í ṣe káfíńtà. Káfíńtà náà mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n kò mọ̀ pé ìnípọn pákó ni wọ́n ń kà. Lójú tirẹ̀, àpótí ìtisẹ̀ ni, kí ọmọ náà lè ga dé ojú ẹ̀rọ. Ẹnikẹ́ni nínú wọn ò purọ́, kò sì sí ẹni tó ṣe ìmẹ́lẹ́.

Agatha dúró sórí pákó kan, fíìmù fi ìbàdí òsì hàn nísàlẹ̀. Wọ́n fi ìkejì sí i, wọ́n fi ìkẹta sí i. Nígbà tí ìkẹrin wọlé, egungun ìbàdí méjèèjì ṣe ọgbọọgba. Jìbírílù fi pẹ́ńsùlù pupa kọ ọ́ sí etí fíìmù: íńṣì mẹ́rin.

Dókítà pe baba àti ọmọ. Ó ní íńṣì mẹ́rin ni ẹsẹ̀ òsì fi kúrú. Òun yóò gé íńṣì mẹ́ta kúrò nínú itan ọ̀tún, òun yóò fi ọ̀kan sílẹ̀ kí ẹsẹ̀ tó le náà lè fò kọjá dáadáa.

"Mẹ́rin?" ni Sylvanus wí.

Ó bọ́ bàtà òsì kúrò lẹ́sẹ̀ Agatha, ó gbé e lé tábìlì. Dókítà fi rúlà wọn àtẹ́lẹ̀ igi náà, ó mi orí, ó sọ nǹkan kan pẹ̀lú ohùn àánú. Jìbírílù ò fẹ́ túmọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó túmọ̀ rẹ̀. "Ó ní bàtà yìí ò tó rárá. Ó ní íńṣì kan àbọ̀ ló fi kù. Bóyá òun ló ń jẹ́ kó máa tiro gidi gan-an látẹ̀yìnwá."

Ọ̀rọ̀ náà ba Sylvanus bí ẹni pé wọ́n gbá a létí láàárín ọjà. Ọdún mẹ́tàlá ló ti ń gbẹ́ bàtà. Ó fẹ́ sọ pé ojú òun kì í tan òun jẹ, pé òun ti wo èjìká ọmọ yìí ju bí ẹnikẹ́ni ti wò ó lọ, pé íńṣì méjì àbọ̀ ni. Ṣùgbọ́n fíìmù wà níbẹ̀, funfun lórí dúdú, egungun ọmọ rẹ̀ ló wà nínú rẹ̀, òun kò sì rí egungun rí.

Nígbà tí wọ́n jáde, ó fa Jìbírílù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó bi í bóyá ẹ̀rọ lè ṣìṣe.

"Bàbá Agatha, ara lẹ̀ ń wò, ẹ́kísíréè ń wo inú. Ẹ́kísíréè kì í purọ́."

Bẹ́ẹ̀ ni Sylvanus ṣe gbà pé íńṣì kan àbọ̀ kan wà nínú ẹran ara ọmọ òun tí ojú òun ò tó. Ó tún tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Agatha nítorí bàtà. Agatha rẹ́rìn-ín, ó ní kó má dá ara rẹ̀ lẹ́bi, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí.

Wọ́n gbé e wọ yàrá iṣẹ́ abẹ ní òwúrọ̀ ọjọ́ Tuesday kan. Sylvanus jókòó sórí bẹ́ńṣì níta, rósárì lọ́wọ́. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ńṣì náà, níbi ògiri, ni Jìbírílù to pákó mẹ́rin sí, torí wọ́n ń fọ yàrá ẹ̀rọ lówùúrọ̀ yẹn. Ọwọ́ káfíńtà kì í sinmi bí igi bá wà nítòsí. Ó ka rósárì díẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ra orí pákó òkè, ó ń gbádùn bó ṣe dán. Àtàǹpàkò rẹ̀ wá bọ́ sí etí pákó níbi tí wọ́n kọ "1" sí.

Orí àtàǹpàkò rẹ̀, láti èékánná dé oríkèé, íńṣì kan ni. Gbogbo káfíńtà ló ní íńṣì tirẹ̀ lára. Pákó náà ò dé oríkèé. Kò tilẹ̀ súnmọ́ ọn. Pákó mẹ́rin, íńṣì mẹ́rin: ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yé e pé ìnípọn pákó ni wọ́n kà fún ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀.

Ó mú rúlà jáde lápò. Ìdá márùn-ún nínú mẹ́jọ íńṣì. Ó to mẹ́rẹ̀ẹ̀rin léra, ó wọ̀n wọ́n. Íńṣì méjì àbọ̀.

Ara rẹ̀ kọ́kọ́ balẹ̀, ẹ wo bí ọmọ aráyé ṣe rí! Ó ní, "Mo sọ bẹ́ẹ̀!" Ojú òun ò tan òun jẹ, bàtà òun pé láti ọjọ́ yìí wá. Ẹ̀yìn náà ni ọ̀rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ orí rẹ̀. Íńṣì méjì àbọ̀ ni ẹsẹ̀ òsì fi kúrú. Íńṣì mẹ́ta ni wọ́n fẹ́ gé. Ẹsẹ̀ líle ni yóò gùn ju èkejì lọ, kò sì ní í fò kọjá láéláé.

Ó dìde. Ìṣísẹ̀ mẹ́fà péré ló wà láàárín bẹ́ńṣì àti ilẹ̀kùn. Agatha ti wọlé fún bí ogún ìṣẹ́jú. Ó gbé ọwọ́ sókè, ó kan ilẹ̀kùn náà lẹ́ẹ̀kan.

Ohùn Dókítà dáhùn láti inú, ó béèrè nǹkan lédè òyìnbó. Gbogbo ohun tó yẹ kí Sylvanus sọ kò ju ọ̀rọ̀ mẹ́ta lọ: pákó ò pé. Jìbírílù wà nínú níbẹ̀, ì bá ti túmọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ronú pé wọn yóò bi òun pé kí ló dé tí pákó ò fi pé, òun yóò sì ní láti sọ pé torí kí ó lè dán. Ó ronú pé bóyá fíìmù ti ṣe ìṣirò tirẹ̀ lọ́tọ̀, àwọn ọ̀mọ̀wé mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Ó ronú pé bí wọ́n bá ti la ara ọmọ òun tán, tí òun wá dá wọn dúró, bóyá yóò kú. Bí èèyàn bá ń wá ìdí tí kò fi ní í sọ̀rọ̀, ṣé yóò wọ́n ọn? Ó dúró níbẹ̀, ìka rẹ̀ ṣì ká, ó sì padà lọ jókòó. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tó gbọ́ ayùn. Òun mọ ohùn ayùn.

Nígbà tí oòrùn rọlẹ̀, tí Agatha ti ń sùn ní wọ́ọ̀dù, tí pílásítà líle bò ó láti ìdí dé ìka ẹsẹ̀, Sylvanus di pákó mẹ́rin sínú aṣọ, ó kó wọn lọ sílé. Ó fi wọ́n dáná. Igi gbígbẹ tó dán ni, wọ́n jó kíákíá.

Oṣù márùn-ún ni ọmọ náà fi wà nínú pílásítà. Lójoojúmọ́ ni baba rẹ̀ ń gbé oúnjẹ lọ fún un, kò sì sí ọjọ́ kan tí kò sọ lójú ọ̀nà pé òun yóò sọ fún un lónìí. Bó bá dé ọ̀hún, Agatha yóò máa sọ nípa bí òun yóò ṣe rìn, nípa bàtà pẹlẹbẹ tí òun yóò rà. Oúnjẹ ni yóò gbé kalẹ̀, yóò béèrè bóyá iyọ̀ tó.

Dókítà padà dé, wọ́n gé pílásítà kúrò. Orúnkún ọ̀tún ti gan, kò ká ju díẹ̀ lọ, itan náà sì ti rọ pátápátá. Wọ́n gbé Agatha dìde láàárín nọ́ọ̀sì méjì. Ó fi ẹsẹ̀ ọ̀tún tẹlẹ̀, ó sì gbìyànjú láti gbé òsì síwájú. Òsì wọ́ ilẹ̀. Ó tún gbìyànjú, ó fi ìdí tì í, ó gbé èjìká sókè. Ó wọ́ ilẹ̀. Láti ibi tí Sylvanus dúró sí, ó dijú kan. Èjìká ọ̀tún ló lọ sísàlẹ̀ báyìí, ní ìdajì íńṣì.

Dókítà wọn ẹsẹ̀ méjèèjì lẹ́ẹ̀mẹta. Ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ní kí wọ́n gbé fíìmù wá, ó wò ó, íńṣì mẹ́rin ló wà níbẹ̀. Ó ní kí wọ́n gbé pákó wá. Wọn ò rí pákó. Jìbírílù wá gbogbo ilé, kò rí i. Dókítà bi í bóyá pákó mẹ́rin ló fi síbẹ̀ lóòótọ́, àbí mẹ́ta, àbí ó tilẹ̀ gbàgbé ẹ̀rọ sí ibi tí kò yẹ. Jìbírílù fi Kùránì búra. Wọ́n ní ẹni tí kò lè kà dé mẹ́rin ò yẹ nídìí ẹ̀rọ, wọ́n sì gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí. Sylvanus wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń sọ ọ́. Ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀.

Ọjọ́ kẹta, Jìbírílù wá sí ìsọ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ sórí èérún igi.

"Bàbá Agatha, ẹ dárí jì mí. Mo ti rò ó, mo tún un rò, mi ò mọ ibi tí mo ti ṣìṣe. Ṣùgbọ́n èmi ni mo kọ ọ́ síbẹ̀. Èmi ni mo ba ayé ọmọ yín jẹ́."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ibí yìí ni mo ti bínú sí Sylvanus jù. Ó gbé ọ̀dọ́mọkùnrin náà dìde, ó gbọn èérún kúrò lára aṣọ rẹ̀, ó sì sọ pé, "Ọlọ́run yóò dárí jì ọ́." Jìbírílù sunkún, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ní ó ń bá baba rẹ̀ rán bọ́tìnnì mọ́ aṣọ báyìí.

Agatha padà sílé. Ẹni tó ń tiro tẹ́lẹ̀ ti di ẹni tó ń fi igi méjì rìn. Ẹsẹ̀ ọ̀tún tó ń wa máṣíìnì ò lè ká mọ́, òsì ò ká rí. Wọ́n fi aṣọ bo máṣíìnì. Àwọn ìyàwó ilé láti Ẹmùrè-Ilé wá kó aṣọ wọn, wọ́n kí i, wọ́n lọ. Ó ń fi ọwọ́ rán etí ìborí, ìyẹn náà ò tó nǹkan.

Ọjọ́ Sunday kan, oṣù kẹjọ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ó ní òun ò ní í lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Baba rẹ̀ náà ò lọ. Wọ́n jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ẹsẹ̀ ọmọ náà méjèèjì nà gbọọrọ síwájú. Ó ń fi abẹ́rẹ́ rán nǹkan, ó sì sọ̀rọ̀ láìgbójú sókè.

"Bàbá, ọ̀rọ̀ Jìbírílù ò yé mi. Ojú mi ló ṣe kà á. Pákó mẹ́rin ni. Mo dúró lórí wọn."

"Jẹ́ ó lọ, ọma mi."

"Nǹkan kan tún wà tí mi ò tíì sọ fún yín. Ẹ rò pé mo sùn lọ́jọ́ tí wọ́n gé mi. Mi ò sùn. Ẹ̀yìn ni wọ́n gún mi lábẹ́rẹ́, ìsàlẹ̀ ara mi ló kú, ojú mi là kedere. Wọ́n ti la itan mi. Dókítà ti gba ayùn lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì. Ẹnìkan bá kan ilẹ̀kùn."

Sylvanus wo ìka ọwọ́ rẹ̀.

"Ẹ̀ẹ̀kan ló kàn án. Dókítà dúró, ó béèrè ẹni náà. Gbogbo wọn kọjú sí ilẹ̀kùn, wọ́n ń retí. Ó tilẹ̀ gbé ayùn sílẹ̀. Ẹ̀rù ti ń bà mí nígbà yẹn, Bàbá, mo ti kábàámọ̀, ṣùgbọ́n ojú ń tì mí láti sọ pé kí wọ́n dá a dúró. Mo wá ń sọ nínú ara mi pé, jọ̀ọ́, ẹnikẹ́ni tó o bá jẹ́, tún un kàn. Wọ́n dúró pẹ́. Kò kàn án mọ́. Dókítà sì mú ayùn." Ó gé òwú pẹ̀lú eyín. "Ẹ̀yin lẹ wà níta. Ṣé ẹ rí ẹni náà?"

Ì bá ti purọ́. Nọ́ọ̀sì ni, ni ì bá wí, ẹni tó ń gbálẹ̀ ni. Ẹnu rẹ̀ là, ohun tó sì jáde ni ọ̀rọ̀ mẹ́ta tó ti wà níbẹ̀ láti oṣù mẹ́jọ.

"Pákó ò pé."

Ó wá sọ gbogbo rẹ̀. Ó sọ nípa pléènì, nípa àtàǹpàkò, nípa ilẹ̀kùn, nípa iná tó fi jó wọn, nípa Jìbírílù lórí ilẹ̀ ìsọ̀. Omi ń dà lójú rẹ̀, ó sì ń sọ ọ́ lọ, ó ń retí kó kígbe, kó bú òun, kó sọ nǹkan lu òun. Ẹ̀pa ò bóró mọ́, ó kàn fẹ́ kí ó ṣe nǹkan kan ni.

Agatha ò kígbe. Ó fi abẹ́rẹ́ gún aṣọ, ó fi í síbẹ̀, ó sì ká aṣọ náà sórí itan rẹ̀ tó rọ. Ó gbójú sókè wo baba rẹ̀.

"Ẹ̀ bá tún un kàn," ló wí. "Ẹ̀ẹ̀kan péré sí i, Bàbá. Wọ́n ń dúró dè yín."